Èbu Tó Mú Aràn Sùn

Ọdún tí mo ń sọ yìí, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì títí koríko fi hù bo ọ̀nà tó lọ sí yàrá ìwádìí wa ní Àkúrẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti palẹ̀ ẹrù mọ́, kálukú ti gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Àwọn aláǹgbá ń jókòó lórí àtẹ̀gùn kíláàsì, wọ́n ń mi orí bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fi jẹ ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Èmi àti obìnrin tó ń darí iṣẹ́ mi nìkan la ṣì ń wá. Kì í kọ́ni, nítorí òun náà wà nínú ìyanṣẹ́lódì, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè yanṣẹ́ lódì sí ohun ẹlẹ́mìí tó ń dá hù nínú àwo.

Obìnrin tó ga, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Dókítà ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi ń pè é ní Mà, òun náà ń pè mí ní Ọmọ Oǹdó, nítorí Oǹdó ni wọ́n ti bí mi, èdè ìlú náà sì máa ń já bọ́ lẹ́nu mi bí inú bá ń bí mi.

Èbu la ń ṣiṣẹ́ lé lórí, irú èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó ti pẹ́, tàbí sára bàtà aláwọ nígbà òjò. Bí mo bá sọ fún àwọn ará ilé tí mo háyà yàrá sí ní Arakale pé èbu ni mò ń kọ́ fún oyè kejì, wọn a wò mí, wọn a rọra rẹ́rìn-ín. Ìyá onílé sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Èbu kẹ̀? Ó pọ̀ nínú àpótí aṣọ mi o. Wá kó o, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Ìgbà yẹn le. Ìjọba ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra. Ṣúgà wọ́n, mílíìkì di ohun tí à ń fi ẹnu sọ, àwọn tó ń lọ síṣẹ́ ní Alágbàká ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ kó má baà jẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tí mo rántí ọdún yẹn, kì í ṣe ebi ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn mi. Òórùn ni. Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló máa ń ti inú àwọn àwo wa jáde. Kùrukùru òwúrọ̀ a bo àwọn òkè, díẹ̀ nínú rẹ̀ a gba ojú fèrèsé wọlé, èmi a sì máa rìn láàárín àwọn tábìlì bí ẹni tí kò tíì jí tán.

Bàbá mi ló fà á tí ìwádìí mi lórí èbu fi kan ọ̀rọ̀ aràn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ ní Oǹdó kó tó fẹ̀yìntì. Ohùn tó fi ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì náà ló fi ń ka Bíbélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn àgbà fi ń jókòó dáadáa. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sin ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó sì fẹ́ràn wọn ju bó ṣe yẹ kí èèyàn fẹ́ràn ohun tí yóò pa jẹ lọ. Ṣùgbọ́n aràn inú kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ewúrẹ́ tó ń fò kiri lánàá a bẹ̀rẹ̀ sí í rù, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ a funfun bí òwú, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ a wú bí ẹni tó fi omi sẹ́nu. Oògùn aràn tí àwọn dókítà ẹran ń tà ti kúrò ní ohun tí apá rẹ̀ ká, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí rárá.

Lọ́jọ́ tí abo ewúrẹ́ kan tó lóyún kú, mo bá bàbá mi níbi tó jókòó tì í nílẹ̀, ó di etí rẹ̀ mú.

"Bàámi, ẹ dìde nílẹ̀ tútù."

"Mò ń bọ̀," ó ní. Kò dìde. "Sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì. Ohun tó kéré bíi fọ́nrán òwú, báwo ló ṣe ń pa ohun tó tóbi tó báyìí?"

Mo ṣàlàyé bí aràn ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn ewúrẹ́. Ó gbọ́ mi títí, ó sì ní, "Ó dára. Kí lẹ wá ń ṣe sí i?"

Ìbéèrè náà ni mo gbé padà sí Àkúrẹ́. Ọ̀gá mi gbọ́ ọ, ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Nínú ilẹ̀," ó ní, "aràn wẹ́wẹ́ àti èbu jọ ń gbé. Àwọn aràn kan wà tó jẹ́ pé èbu ni oúnjẹ wọn. Èbu kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi sá, kò ní eyín tó lè fi bù wọ́n jẹ. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni èbu, kí ni wàá ṣe?"

"Màá wá nǹkan tó korò pa mọ́ sí ara mi, Mà."

"Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká lọ wò ó."

Ipogun kò jìnnà sí wa. Ọ̀gá mi ní ìbátan kan níbẹ̀, ìyá arúgbó tó ní oko kòkó. Àkókò tí wọ́n ń fọ́ kòkó la lọ. Abẹ́ igi kòkó ṣókùnkùn, ó sì tutù; oòrùn ń kán sílẹ̀ láàárín ewé bí omi tó ń kán látinú òrùlé tó ń jò, a kò sì gbọ́ nǹkan kan ju ìró ẹsẹ̀ wa lórí ewé gbígbẹ lọ. Òkìtì èèpo kòkó ọdún tó kọjá wà láàárín oko, ó ń jẹrà, ooru ń jáde lára rẹ̀. Nígbà tí a fi igi yẹ òkè rẹ̀ kúrò, mo rí èbu oríṣiríṣi: òmíràn funfun bí irun orí arúgbó, òmíràn ní àwọ̀ ewé tútù, òmíràn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú ẹnu ọmọ ọwọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí bù wọ́n sínú agolo tí a ti sè nínú omi gbígbóná.

Ìyá arúgbó náà dúró tì wá, ó gbé ọwọ́ lé ìdí.

"Ọṣẹ lẹ fẹ́ fi ṣe ni?"

"Rárá o, Mà," ni mo dá a lóhùn. "Oògùn la ń wá."

"Oògùn kí ni?"

"Ti aràn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá igi kòkó mú. "Nínú ìdọ̀tí tí aràn ti ń wá náà ni ẹ ti wá ń wá oògùn rẹ̀?"

"Ibẹ̀ náà ni, Ìyá," ni ọ̀gá mi wí.

Ìyá náà kò jiyàn. Ó la kòkó tútù méjì fún wa, a sì ń mu ún lọ lójú ọ̀nà, omi dídùn rẹ̀ ń ṣàn sí wa lọ́wọ́, ọ̀gá mi ń tu kóró rẹ̀ sọ́wọ́ bí ọmọdé.

Kúkúndùnkún la fi bọ́ àwọn èbu náà, nítorí oúnjẹ èbu tí wọ́n ń ṣe sínú ike láti òkè òkun ti kọjá agbára wa. Mo máa ń sè é, màá sẹ́ omi rẹ̀, màá fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ṣúgà tó yẹ kí èmi àti ọ̀gá mi fi mu tíì. Àwọn èbu yẹn yó ju àwa lọ. Wọ́n bo àwo kan dé òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá wọn. Nínú àlá náà, mo kéré bí eruku, mo ń rìn lábẹ́ èbu bí ẹni ń rìn nínú igbó. Wọ́n ga ju ìrókò lọ, orí wọn ń tú, ohun tó ń já bọ́ sí mi léjìká sì dà bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Ẹ̀rù kì í bà mí. Bí mo bá jí, màá dùbúlẹ̀ díẹ̀ sí i bóyá igbó náà yóò padà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. A ó mú èbu kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tó ní omi kúkúndùnkún, a ó gbé ìgò náà sórí ẹ̀rọ kan tó ń gbọ̀n ọ́n láìsinmi kí atẹ́gùn lè wọ ibẹ̀, lẹ́yìn náà a ó sẹ́ omi rẹ̀, a ó sì kán an lé ọmọ aràn lórí. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ bàbá mi ni mo ti ń rí ẹyin aràn. Inú ọ̀rá ni mo máa ń dì í sí láti Oǹdó. Awakọ̀ kan fẹ́ sọ̀ mí kalẹ̀ ní Ọ̀wẹ̀nà nítorí rẹ̀, àfi ìgbà tí mo sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ìwé ni. Ó mi orí. "Ẹ̀kọ́ ìwé ti bà jẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí," ó ní, ó sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ nínú àwọn èbu náà. Bí mo bá fi ojú sí maikirosíkóòpù, àwọn ọmọ aràn a máa jó nínú omi, wọn a máa ká, wọn a máa nà, bí ẹni pé èmi ló ṣe àríyá fún wọn. Oṣù ń gorí oṣù, wọ́n ń jó.

Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ tiransifọ́mà ńlá tó ń pín iná fún gbogbo àgbègbè wa jóná. Iná lọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí yóò dé. Ẹ̀rọ tó ń gbọn ìgò dúró, yàrá náà sì dákẹ́ tó jẹ́ pé mo ń gbọ́ ìmí ara mi.

"Da àwọn ìgò yẹn nù," ni ọ̀gá mi wí. "Bí a kò bá gbọ̀n wọ́n, wọn ò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Bí iná bá dé, a ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

Mi ò dà wọ́n nù. Kì í ṣe ọgbọ́n kankan ni mo fi ṣe é. Omi kò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, mi ò sì fẹ́ fi ìgò ẹlẹ́gbin sílẹ̀ lófìfo. Mo tò wọ́n sórí pákó lẹ́bàá fèrèsé, mo fi aṣọ bò wọ́n, mo sì lọ sí Oǹdó láti lọ lo òpin ọ̀sẹ̀.

Ibẹ̀ ni epo ọkọ̀ ti tán. Kò sí ọkọ̀ tó ń lọ, kò sí èyí tó ń bọ̀. Àwọn èèyàn ń rìn láàárín títì bí ẹni pé wọn kò la ọ̀nà náà fún mọ́tò rí, obìnrin kan sì sá àgbàdo sórí ọ̀dà. Mo ń bá bàbá mi lọ já ewé fún ewúrẹ́. Ó máa ń kun orin ìyìn lẹ́nu, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ títí mi ò fi ní mọ ìgbà tó dákẹ́. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Àkúrẹ́ jìnnà sí mi bí ìlú tí wọ́n sọ fún mi nípa rẹ̀ lásán. Mo gbàgbé àwọn ìgò náà, tàbí kí n sọ pé mo rántí wọn bí èèyàn ṣe ń rántí ohun tó rí lójú oorun.

Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó kòkó ló wá gbé mi padà nígbẹ̀yìn. Mo jókòó láàárín àpò kòkó dé Àkúrẹ́.

Iná kò tíì dé. Mo ṣí aṣọ kúrò lórí àwọn ìgò. Èbu ti hù bo ojú omi nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan dá yàtọ̀. Ó nípọn, ó ká jọ bí aṣọ àrán tí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀, omi abẹ́ rẹ̀ sì ti pọ́n bí oyin. Òórùn àgbọn ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo tún gbóòórùn rẹ̀ bóyá ebi ló ń tàn mí. Àgbọn ni.

Maikirosíkóòpù àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò nílò iná. Dígí kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń mú ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé. Mo gbé e sójú fèrèsé. Mo sẹ́ omi oyin náà, mo kán an sórí àwọn ọmọ aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin nínú ìgbẹ́ tí mo gbé dé. Wọ́n jó. Wọ́n jó díẹ̀ sí i. Ó yá, ijó náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo fún wọn. Ọ̀kan nà gbọọrọ, ó dúró. Òmíràn dúró. Títí tí gbogbo àwọn tí mo ń rí fi dúró, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí ó dà sílẹ̀.

Mo rò pé ooru oòrùn ló pa wọ́n. Mo mú àwọn mìíràn, mo kán omi lásán lé wọn lórí, mo gbé wọn sí ojú oòrùn kan náà. Àwọn yìí jó títí ojú fi ń ro mí. Mo jókòó sílẹ̀.

Ilé ọ̀gá mi wà ní Alágbàká. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò lè kí i dáadáa.

"Ọmọ Oǹdó, ta ló kú?"

"Àwọn aràn ni, Mà."

Ó fi atẹ ẹ̀wà sílẹ̀, ó tẹ̀lé mi pẹ̀lú sálúbàtà ilé. Nígbà tó fi ojú sí maikirosíkóòpù, kò gbé ojú kúrò fún ìgbà pípẹ́. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Òógùn ń ṣàn níbẹ̀, kò nù ún.

"Ta ló gbọn ìgò yìí?"

"Kò sẹ́ni tó gbọ̀n ọ́n, Mà. Mi ò dà á nù bí ẹ ṣe ní kí n ṣe."

Ó gbé orí sókè. Mo rò pé yóò bínú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n pè lórúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré.

"Nítorí náà, ní gbogbo oṣù tí a fi ń gbọ̀n ọ́n," ó ní, "ńṣe là ń dí i lọ́wọ́."

Nígbà tí iná dé, a ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Èbu kan náà, omi kan náà, a gbọn ìgò kan, a fi èkejì sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Omi ìgò tí a gbọ̀n kò já mọ́ nǹkan kan. Èyí tó wà ní ìdákẹ́jẹ́ tún mú àwọn aràn dúró. A tún un ṣe títí iyèméjì fi kúrò lọ́kàn wa. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, a kì í sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá náà. A ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni tó wà nílé ìkókó.

Bàbá mi wá sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kan láti gbé iṣu fún mi, mo sì mú un lọ wò ó. Ó ṣí fìlà, ó fi ojú kan sí maikirosíkóòpù, ó fi ọwọ́ bo èkejì.

"Wọ́n kú ni, àbí wọ́n sùn?"

"A kò tíì mọ̀ dájú, Bàbá," ni ọ̀gá mi dáhùn. "Bí a bá fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n, díẹ̀ nínú wọn máa ń jí."

"Bí wọ́n bá sùn nínú ewúrẹ́, ṣé wọn ò ní bá ìgbẹ́ jáde?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, sà."

"Ẹ bù díẹ̀ fún mi."

Mo mọ ewúrẹ́ tó ní lọ́kàn, akọ kékeré dúdú kan tó ti ń rù. Ọ̀gá mi fi eékún kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Ohun tó mú aràn sùn lè mú ewúrẹ́ náà sùn. A ti fi eku funfun dán an wò. Àwọn tí a fún ní díẹ̀ mu ún, wọ́n ń ṣeré. Àwọn tí a fún ní púpọ̀ kò lè dìde. A kò mọ ohun tó jẹ́. Bí mo bá bù ú fún yín, màá kàn ṣe bí ẹni tó mọ̀ ni."

Bàbá mi dé fìlà rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì fi pa mọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Olùkọ́ ni mí. Ẹni tó bá sọ pé òun kò mọ̀, mi ò lè bá a jà."

Akọ dúdú náà kú kí oṣù tó parí. Bàbá mi kò dá a sọ rí.

Kí ọyẹ́ tó dé, ọ̀gá mi rí iṣẹ́ ní yunifásítì kan ní gúúsù Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń lọ nígbà yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kan wàá rí wọn, ọjọ́ kejì wàá rí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó mú kí díẹ̀ nínú omi oyin náà gbẹ títí ó fi di ìyẹ̀fun, ó gbé e dání, ó ní ẹ̀rọ wà níbi tí òun ń lọ tó lè sọ ohun tó jẹ́. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó dì mọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ní, "Máa gbé jẹ́ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀." Mi ò mọ̀ bóyá èbu ló ń bá wí tàbí èmi.

Ọdún kan ó lé kọjá kó tó padà wálé láti wá sin ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá bá mi ní yàrá ìwádìí. Ó ti sanra díẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí tó máa ń jókòó lé.

"A ti mọ ohun tó jẹ́," ó ní. "Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti rí i ṣáájú wa, lára èbu mìíràn, ní ìlú òkèèrè. Wọ́n ti fún un lórúkọ. Wọ́n tilẹ̀ ń fi òórùn rẹ̀ sí nǹkan jíjẹ."

"Àgbọn yẹn, Mà?"

"Àgbọn yẹn."

A rẹ́rìn-ín, bí ẹ̀rín náà sì ṣe ń lọ ni mo rí i pé omi ti ń bọ́ lójú mi. Ó di ọwọ́ mi mú. Kò sọ fún mi pé kí n má sunkún. Lóde, wọ́n ti ń ro koríko ọ̀nà, yunifásítì ti ṣí, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n ń lọ sí kíláàsì.

Mo lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé láti sọ fún bàbá mi. Ó ń gé ewé gbáàgúdá fún ewúrẹ́ tó kù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ní, "Bàámi, kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí i."

Ó ń gé ewé rẹ̀ lọ. "Ṣé ẹni tó kọ́kọ́ rí oṣù ló ni oṣù?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, sà."

"Ó parí."

Ṣùgbọ́n kò parí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ọdún náà, ó fi okùn sí abo ewúrẹ́ kan lọ́rùn, ó ní kí n bá òun mú un lọ síwájú pẹpẹ. Àlùfáà bèèrè ohun tí a fẹ́ dúpẹ́ lé lórí.

"Ọmọ mi rí nǹkan kan," ni bàbá mi wí, pẹ̀lú ohùn kíláàsì.

"Kí ló rí?"

"Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ."

Wọ́n gbé makirofóònù sí mi lẹ́nu. Mo wo gbogbo ìjọ náà, àwọn olùkọ́ àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ kòkó, àwọn ìyá tó ti jí láti dáná kí wọ́n tó wá. Mo rò pé màá dúpẹ́ ní ṣókí kí n sì jókòó. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ara mi tí mo ń sọ nípa èèpo kòkó tó ń jẹrà ní Ipogun, nípa iná tó lọ, nípa ìgò kan tó dá wà lẹ́bàá fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, àti bí àwọn aràn ṣe ń jó, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì dúró. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Oòrùn ń gba dígí aláwọ̀ wọlé, ó ń tàn sí ẹ̀yìn ewúrẹ́ wa, ó sọ ọ́ di aláwọ̀ osùn.

Nígbà tí mo dákẹ́, ìyá kan láti ẹ̀yìn sọ pé, "Àmín," bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gbàdúrà. Ewúrẹ́ náà ké, gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá orin.